Àbọ̀ mi lórí éríà oníwo méjì àti fíltà FM, fún ẹ̀yin tí Channel 6 Philadelphia ń yọ lẹ́nu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní kí n kọ nǹkan yìí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá yìí, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dá mi dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, pé "ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ rà gan-an tí Channel 6 fi ń mú nílé yín?" Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi lè sinmi.

Upper Darby, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Philadelphia, là ń gbé, ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ lẹ̀ mọ́ra wọn yẹn. Kébù la ń lò tẹ́lẹ̀, owó ẹ̀ wá ń gòkè bí owó gààrí lásìkò ọ̀wọ́n, èmi àtìyàwó mi bá jókòó, a bi ara wa pé kí la tiẹ̀ ń wò nínú ẹ̀? Ìròyìn alẹ́, bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tán. Àwọn ọmọ ò tiẹ̀ wo TV mọ́, orí fóònù ni wọ́n wà. A bá já a. Láti ìgbà yẹn mo ti ra nǹkan mẹ́ta: éríà pẹlẹbẹ kan tó dà bíi bébà tó bá ampilifáyà ẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára sígínà) wá, éríà oníwo méjì tí wọ́n ń pè ní rabbit ears níbí, àti fíltà FM kékeré kan, ohun tó ń dènà ìgbì rédíò FM, tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Fún ẹni tí kò ráyè kà á tán: èyí tó pẹlẹbẹ, ẹ má torí Channel 6 rà á. Oníwo méjì, ẹ rà á, kò wọ́n, kò sì lẹ́wà, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Fíltà, ẹ dúró ná, ẹ ka ohun tí mo sọ nípa ẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó yọ owó, torí ọwọ́ tó fi ń ṣe oore náà ló fi ń ṣe ìkà.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí pẹlẹbẹ. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Máìlì tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ pọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá gbà wọ́n gbọ́ ẹ máa rò pé ẹ máa jókòó sí Pennsylvania kẹ́ ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Dọ́là 38 ni mo rà á. Ìyàwó mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ẹ̀yìn kọ́tìnì la lẹ̀ ẹ́ mọ́, kò dí pálọ̀ lọ́wọ́. Mo so ó, mo ní kí TV máa wá ṣánẹ́ẹ̀lì, 3 wọlé, 10 wọlé, 17, 29, gbogbo wọn mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Channel 6 ńkọ́? Kò sí. Mo tún un wá, ó yọjú, oníròyìn sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹnu ẹ̀ yà sílẹ̀ ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó di "No Signal."

Ó ya mí lẹ́nu, torí látojú wíńdò òkè wa mo ń rí iná pupa àwọn òpó Roxborough lálẹ́, kò tó máìlì mẹ́wàá sọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ sì ni Channel 6 ti ń tàtagbà. Mo ní báwo ni èyí tó wà lójúde mi ò ṣe ní wọlé?

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú TV kọ́ ni ibi tí stéṣọ̀n yẹn wà lójú òfúrufú mọ́. Látìgbà tí gbogbo wọn ti di díjítà, Channel 3 àti Channel 10 ti kó lọ sórí UHF (apá òkè tí ìgbì ibẹ̀ kúrú), orúkọ àtijọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kiri, bí ẹni tó kó kúrò ní Mushin lọ sí Lẹ́kí tí gbogbo ayé ṣì ń pè é ní Bàbá Mushin. Channel 6 ni kò bá wọn lọ. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1947 náà ló padà sí tó sì wà títí dòní, láàárín 82 sí 88 MHz (òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n fi ń ka FM lójú rédíò), lápá ìsàlẹ̀ VHF, níbi tí ìgbì ti gùn ju ti UHF lọ. Éríà pẹlẹbẹ sì rèé, UHF ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbì Channel 6 gùn tó mítà mẹ́ta àbọ̀ láti orí dé ìdí, kí lẹ fẹ́ kí bébà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ fi mú un? Àwọ̀n ṣáwá ni wọ́n tà fún wa, ẹja àrọ̀ là ń lé.

Kì í sì í ṣe gígùn ìgbì nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa, 82 sí 88. Níbo ni FM ti bẹ̀rẹ̀? 88. Ògiri kan náà ni wọ́n jọ fẹ̀yìn tì. Láti 1945 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti kó FM kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ wá sí 88 lọ sókè ni wọ́n ti jọ ń gbé ìdí ògiri kan yìí, bí ẹnì kan bá sì ti sín nínú wọn, ẹnì kejì á gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà ní Philly kó tó di 2009, ẹ rántí 87.7? Mo ní bùọ̀dá mi kan tó wa takisí nílùú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ò lè lù kó má yí rédíò mọ́tò ẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, sẹ́yìn 88, ìròyìn Channel 6 á sì máa bọ̀ ketekete. Ìròyìn TV o, lórí rédíò, lọ́fẹ̀ẹ́. Ó mọ ohùn gbogbo àwọn oníròyìn yẹn, ó mọ ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín àti ẹni tó máa ń kánjú, kò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan tó wá kí wa tá a tan TV, ó nawọ́ sí ọkùnrin kan, ó ní "ta nìyí?" Bí ọkùnrin yẹn ṣe lanu báyìí, bùọ̀dá mi pariwo, "háà! Òun nìyẹn! Mo rò pé ó sanra ni!"

Kì í ṣe idán o. Lásìkò ánálọ́ọ̀gù (ọ̀nà àtijọ́ tí TV ń gbà tàtagbà kó tó di díjítà), àwòrán àti ohùn ò jọ gun ẹṣin kan náà. Àwòrán Channel 6 wà ní 83.25, ohùn ẹ̀ wà lápá òkè ní 87.75, irú ohùn tí FM ń lò náà sì ni. Ọ̀pọ̀ rédíò FM lè yí dé 87.5 tàbí 87.7, fún ìdí yìí ẹ kàn yí i dé ibẹ̀ ni, ohùn á bọ́ sí yín létí. Gbogbo ìlú Amẹ́ríkà tó bá ní Channel 6 ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó wá di June 12, 2009, ọjọ́ Fúráìdè. (February 17 ló yẹ kó jẹ́, wọ́n sún un síwájú torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì múra.) Ọjọ́ yẹn ni gbèdéke tí ìjọba fún àwọn TV ńlá ní Amẹ́ríkà láti pa ánálọ́ọ̀gù, Channel 6 náà sì pa tiẹ̀. Alẹ́ ni bùọ̀dá mi pè mí, ó ní "àbúrò, rédíò mọ́tò mi ti kú." Mo ní báwo, ó ní ìròyìn ò wọlé, pé ariwo bí ìgbà tí wọ́n ń dín nǹkan nínú epo gbígbóná ló ń gbọ́. Mo ní kó yí i sí 88.5, ó yí i, orin jáde. Rédíò ò ní nǹkan kan. Channel 6 ló ti di díjítà, àwòrán àti ohùn ti di nọ́ńbà lásán tí wọ́n rọ́ pọ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n sì tẹ́ kárí gbogbo àyè tó wà láàárín 82 sí 88. Rédíò ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, "shhhhh" nìkan ló lè gbọ́ nínú ẹ̀.

Ìjọba pín kúpọ́ọ̀nù ogójì dọ́là, méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan, káwọn tó ní TV àtijọ́ lè fi ra àpótí kóńfátà. Ìyẹn dáa. Àmọ́ kò sí kúpọ́ọ̀nù kankan fún ẹni tó ń fi etí wo TV. Inú bí bùọ̀dá mi fún nǹkan bí oṣù kan.

Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Channel 6 ti rí ibi tó dáa gbé tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó pa ánálọ́ọ̀gù, orí 64 ni díjítà tiwọn wà, UHF, éríà kékeré ń mú un. Ṣùgbọ́n ìjọba ń gba 52 sí 69 padà, kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù àtàwọn agbófinró pẹ̀lú panápaná lè ráyè lò ó, ni 6 bá palẹ̀ mọ́, ó padà sílé àtijọ́. Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀ ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ pé àwọn èèyàn ò rí wọn wò mọ́. Kò pẹ́ tí FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti TV, fi jẹ́ kí wọ́n fi kún agbára tí wọ́n fi ń tàtagbà. Kí ló fà á? Ìsàlẹ̀ VHF yẹn ò bá díjítà rẹ́ tó UHF. Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù, mọ́tò fáànù, gbogbo wọn ló ń tu ariwo síbẹ̀. Nígbà ánálọ́ọ̀gù ẹ máa rí ilà díẹ̀ lójú TV, ẹ ò sì ní kọ̀ ọ́, ẹ ṣì ń wò ó. Díjítà ò mọ ìyẹn. Bó bá ti kọsẹ̀ díẹ̀, ó lọ nìyẹn.

Àwọn FM tó múlé gbè é náà ò ráyè gbádùn ara wọn o. Láti 88 sí 92, àwọn iléèwé àtàwọn tí kì í ṣòwò ni ìjọba fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Ní Philly níbí, 88.5 jẹ́ ti University of Pennsylvania, 90.1 ti Temple, 90.9 ni WHYY, 91.7 ti Drexel. Òfin wà tó ní kí irú àwọn yẹn má da Channel 6 tó wà nítòsí láàmú, torí náà stéṣọ̀n FM tó bá wà lágbègbè Channel 6 ò lè dédé jí lọ́jọ́ kan kó ní òun fẹ́ fi kún agbára òun. Ọwọ́ ń wẹ ọwọ́ nìyẹn, àbí ọwọ́ ń gbá ọwọ́, mi ò mọ èwo.

Ó yá, ọjà kejì. Éríà oníwo méjì, dọ́là 14. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń ta gbogbo nǹkan ni mo ti rí i, bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ó ti pẹ́ lórí káńtà, pé kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́. Mo yọ téèpù tí mo mú dání, mo fa ìwo ẹ̀ jáde mo wọ̀n ọ́, ìnṣì 36. Bàbá ń wò mí bíi pé orí mi dà rú. Ẹ gbọ́ o, ìdí tí mo fi wọ̀n ọ́ ni pé ìwo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́rin ìgbì Channel 6, ìyẹn nǹkan bí ìnṣì 35. Àwọn oníwo kan wà lọ́jà báyìí tí ìwo wọn ò gùn ju apá ọmọ tuntun lọ, ẹ má rà wọ́n, pẹlẹbẹ tó wọ aṣọ míì ni.

Mo dé ilé, mo so ó, mo gbé ìwo rẹ̀ sókè bí ọwọ́ ẹni tó ń yin Olúwa, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Kò mú. Mo wá dà á sílẹ̀ gbalaja sí ọ̀tún àti òsì, gígùn ẹ̀ pátápátá, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọ ojú sí Roxborough (ẹ̀gbẹ́ o, ẹ má fi ẹnu ìwo kọ síbẹ̀), mo ní kí TV wá ṣánẹ́ẹ̀lì. Channel 6 wọlé, ó jókòó, ó dúró gírí.

Ìyàwó mi ló dúró síwájú TV, èmi wà lójú wíńdò, ó sì ń kígbe sí mi pé "ó ti dáa! Ó tún ti lọ! Padà sọ́tùn-ún díẹ̀! Ibẹ̀ yẹn! Má mí!" Mo bá rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, torí ohun tá a ń ṣe nílé wa ní Ìbàdàn gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹnì kan á wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń yí ọ̀pá éríà nínú ẹrẹ̀, ẹnì kan á yọrí lójú fèrèsé, ìdajì àdúgbò á ti kún pálọ̀ torí bọ́ọ̀lù. Ọdún mélòó rèé, òkun mélòó la sọdá, a ṣì ń sọ pé "padà sọ́tùn-ún díẹ̀."

Bó ṣe wà nínú pálọ̀ kò rẹwà rárá, mi ò ní purọ́. Ó dà bí ìgbà tí eéṣú ńlá bà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àlejò kan ní ṣé a fi ń sá aṣọ ni. Ó sì lè bọ́ sílẹ̀ bí ọmọ bá sáré kọjá, wọ́n fi ìdí ẹ̀ ṣe fúyẹ́fúyẹ́. Ohun kan tún wà, gílóòbù kíṣíìnì wa, tá a bá tàn án, Channel 6 á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo pààrọ̀ gílóòbù yẹn sí òmíràn tó wọ́n díẹ̀, ó tán. Ẹ gbìyànjú ìyẹn kẹ́ ẹ tó bínú sí éríà.

Fíltà FM wá ńkọ́? Ìtàn ibẹ̀ gùn díẹ̀. Àwọn ọmọ ní àwọn náà fẹ́ TV lókè, mo wá pín wáyà sí méjì, bẹ́ ẹ bá sì pín sígínà ó máa rẹ̀ ẹ́, mo bá yọ ampilifáyà tó bá pẹlẹbẹ wá, mo fi sí ìdí oníwo méjì. Kàkà kó dáa, ńṣe ni Channel 6 lọ, Channel 12 náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Mo ní kí ló dé, ṣé ampilifáyà kọ́ ló yẹ kó fi kún un ni?

FM ló wọlé sí i. Àwọn òpó FM tó wà nítòsí wa lágbára gan-an, bí wọ́n ṣe ń wọ éríà náà ni wọ́n ń wọ ampilifáyà, ampilifáyà yẹn ò mọ TV yàtọ̀ sí rédíò, gbogbo wọn ló ń gbé sókè. Bí FM bá ti pọ̀ jù fún un, ó máa ń daṣẹ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ àlè: á mú FM kan á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, FM wà láti 88 sí 108, ìlọ́po méjì ẹ̀ jẹ́ 176 sí 216. Ibẹ̀ gan-an ni TV 7 títí dé 13 ń gbé! Ẹni tó ń kọrin ní 106 á wá máa pariwo ní 212 lórí ẹni tó ń wo TV jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀.

Iṣẹ́ fíltà ni pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ampilifáyà, kó lé gbogbo ohun tó bá ti 88 sí 108 wá padà. Dọ́là 11, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ mẹ́rin ló dé. Mo dè é síwájú ampilifáyà (ẹ má dè é sẹ́yìn ẹ̀ o, àlejò tó ti wọ yàrá, ẹ tì lẹ́kùn ní pálọ̀, kí nìyẹn já mọ́?). Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Channel 12 mọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Mo yí i sí 6. Kò sí.

Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ló tún padà wá. Fíltà olówó kékeré ò lè gé nǹkan ní 88 gééré bí ẹni fi bíléèdì gé e. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé láti 83, 84, ó sì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá fi máa dé 88 tó fẹ́ dènà, ó ti jẹ ìdajì oúnjẹ Channel 6. Ìlú tí kò ní Channel 6 ò ní mọ̀ rárá, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tó ń fún fíltà yẹn ní ìràwọ̀ márùn-ún ti ń kọ̀wé. Philly ni kẹ́ ẹ ti lò ó kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo padà ṣe ni pé mo yọ ampilifáyà, mo yọ fíltà, mo ra éríà oníwo kejì fún yàrá àwọn ọmọ, dọ́là 14 míì. TV kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú éríà tiẹ̀, wáyà kúkúrú, kò sí ìyapa. Méjèèjì ń mú 6, ń mú 12. Fíltà wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tí òpó FM ti sún mọ́ yín tẹ́ ẹ sì ń lo ampilifáyà, àmọ́ tí Channel 6 kì í ṣe ìṣòro yín, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa mọ́tò díẹ̀, torí ẹnì kan bi mí. Àwọn nǹkan kékeré tẹ́ ẹ ń kì bọ ihò ṣájà mọ́tò kí orin fóònù yín lè jáde lórí rédíò, tẹ́ ẹ bá wà lágbègbè Philly, ẹ má fi sí 87.5 tàbí 87.7. Ẹ máa rò pé ibẹ̀ ṣófo torí ẹ ò gbọ́ ẹnikẹ́ni, kò ṣófo, díjítà Channel 6 ló kún ibẹ̀ dẹ́nu. Mo gbọ́ fújì mi lórí 87.7 fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo rò pé ẹni tó gba ohùn yẹn sílẹ̀ ni kò mọṣẹ́, ṣé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wá pọ̀ tó báyìí ni? Ìgbà tí mo yí i sókè ni mo tó mọ̀ pé "shhhh" yẹn kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará Chicago máa sọ pé irọ́ ni mò ń pa, pé 87.7 tiwọn ń kọrin. Òótọ́ ni, èyí sì dùn mọ́ mi. TV kéékèèké tí agbára wọn ò pọ̀ ò sí lára àwọn tí wọ́n mú ní 2009, àwọn kan nínú wọn tó wà lórí 6 wá rí i pé àwọn lè fi ohùn TV ṣe rédíò. Wọ́n á gbé àwòrán kan ṣá síta, orin ló ṣe pàtàkì. MeTV FM ti Chicago bẹ̀rẹ̀ báyìí ní 2015. Ìjọba ní káwọn náà pa ánálọ́ọ̀gù ní July 13, 2021, gbogbo èèyàn rò pé ó parí, wọ́n wá dọ́gbọ́n: wọ́n sọ àwòrán di díjítà tuntun tí wọ́n ń pè ní ATSC 3.0, wọ́n fi ohùn ánálọ́ọ̀gù sílẹ̀ lórí 87.75. Ní July 2023 FCC gbà pé kí 14 nínú wọn máa bá a lọ, pé kò gbọ́dọ̀ sí tuntun mọ́. Franken FM ni wọ́n ń pè wọ́n. Bùọ̀dá mi gbọ́, ó ní ṣé Channel 6 Philly ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Mo ní àwọn kéékèèké nìkan ni wọ́n fún láyè. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ni òfin ń mú lọ́tẹ̀ yìí, ó ya òun lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Nàìjíríà ò ní TV kankan níbi tí Channel 6 ti Amẹ́ríkà wà. Nọ́ńbà tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, Channel 5 Èkó ti 174 bẹ̀rẹ̀, Channel 10 tún lọ sókè ju ìyẹn lọ, ọ̀nà wọn jìn sí FM. Torí náà díjítà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jos ní 2016 tó sì dé Èkó ní 2021 ò lè sọ FM yín di ariwo láti ojú òfúrufú. Bí rédíò Màámi bá ń ké "ziiii" látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé dikódà wálé, ẹ yọ àdáptà dikódà yẹn kúrò lára ògiri kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bóyá ariwo á lọ. Tèmi lọ. Mo gbé rédíò sí igun kejì pálọ̀ nígbà tí mo délé lọ́dún méjì sẹ́yìn, Màámi sì ń gbàdúrà fún mi títí dòní bíi pé mo kọ́lé fún wọn.

Ìràwọ̀ wá kù. Pẹlẹbẹ: méjì, torí UHF ẹ̀ dáa lóòótọ́, mo sì dá a padà, wọ́n dá owó mi padà láìjà, ó kàn gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ampilifáyà tó bá a wá: òdo. Oníwo méjì: mẹ́rin, ìdí ẹ̀ tó fúyẹ́ ló jẹ kan, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpò ṣúgà lé e lórí. Fíltà: mẹ́ta fún ẹlòmíì, ẹyọ kan fún ará Philly.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ní òun ti pàṣẹ páálí oníwo tuntun kan torí àwọn èèyàn mi tó ń wá, wọ́n ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mú téèpù dání.